Ọmọ mi jókòó lé fìlà felt bàbá mi! Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè fọwọ́ tún un tò kó tó di Sọ́ńdè?

Akọ́bíBàbá (Manchester), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ní fìlà fedora kan (fìlà òyìnbó tó ní etí yípo) tó láwọ̀ eérú, wọ́n rà á ní London lọ́dún 1979 nígbà tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ni wọ́n ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn ò bá wọ agbádá. Lánàá wọ́n gbé e sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò wẹ̀yìn, ó fi gbogbo ìdí jókòó lé e, ó sì jókòó lé e títí a fi délé.

Orí fìlà ti rì wọnú. Iwájú rẹ̀ tí wọ́n máa ń fún ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Etí rẹ̀ lápá ọ̀tún ń ru sókè sódò bí páànù tí ìjì ká. Bàbá ò bínú o. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Kò burú." Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé "kò burú" yẹn burú gan-an.

Ìdúpẹ́ ọmọ wa tuntun ni Sọ́ńdè yìí. Mo gbé fìlà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀ kan ládùúgbò, wọ́n ní àwọn kì í gba fìlà. Mo ní kẹ́tù, mo ní áyọ́ọ̀nù. Ṣé ó ṣeé ṣe nílé?

KòKanAyé

Ra òmíràn fún wọn. Ọ̀rọ̀ parí.

Akọ́bíBàbá

@KòKanAyé, ìwọ wá bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

ÌyáAlábẹ́rẹ́ (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ, Olúwa á dá a sí. Fọkàn balẹ̀, ọwọ́ ká a. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn pa mọ́. A ṣì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ òní.

Fìlà aṣọ òkè, bó o bá jókòó lé e, o kàn máa gbọ̀n ọ́n ni, wàá sì tún un tò lórí. Gbogbo ìgbà tó o bá ń dé e náà lò ń tún un tò: lónìí o tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, lọ́la o dá a sẹ́yìn. Felt ò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò hun ún. Irun ehoro tàbí irun àgùntàn ni wọ́n fi omi gbígbóná pò, tí wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń yí, títí irun á fi há mọ́ irun. Irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bíi ti ẹja, ìpẹ́ yẹn ló ń kọ́ra. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á dẹ̀. Bó bá tutù, á dúró síbi tó bá ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n á fi ooru sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Ojú wọn báyìí ni kòtò á ṣe máa dìde padà. Wọ́n á ní ooru ò tó, wọ́n á tún fi kún un. Ooru ti tó tipẹ́, ọwọ́ ni ò dúró. Tẹ̀ ẹ́, kó o di ibẹ̀ mú, kó o máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí ìka rẹ á fi mọ̀ pé ó ti tutù.

Bó o ṣe máa ṣe é lálẹ́ òní: awọ kan wà nínú fìlà tó máa ń kan iwájú orí. Fà á síta, kó dúró yípo bíi kọ́là. Awọ yẹn àti ooru ò rẹ́. Bí ooru bá mú un á sún kì, fìlà ò sì ní gba bàbá lórí mọ́. Se omi. Bí èéfín rẹ̀ bá ti ń rú dáadáa, di etí fìlà mú ní ọwọ́ méjèèjì, kọ orí rẹ̀ sí èéfín náà láti òkèèrè bí ìdajì rúlà ọmọ ilé ìwé, kó o máa yí i. Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 tó fún ojú kan. Felt tó ti gba ooru máa ń rọ̀ lọ́wọ́ bí etí ọmọ jòjòló, àmọ́ kò gbọdọ̀ rin. Bó o bá rí omi lára rẹ̀, o ti sún mọ́ ọn jù.

Má dá kòtò kankan sí i lálẹ́ òní. Di ìkúùkù, tì í bọ inú rẹ̀, kó o máa fi ẹ̀yìn ìka ti gbogbo ibi tó rì jáde láti inú, díẹ̀díẹ̀, títí orí fìlà á fi yí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wá abọ́ tó tó orí bàbá, dé fìlà lé e, kí abọ́ náà ga débi tí etí fìlà ò fi ní kan tábìlì. Kó sùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Màmá ti sọ ọ́ tán. Tèmi ò ju kí n ní kẹ́ ẹ ṣọ́ kẹ́tù. Omi wa ní London níbí le, ẹfun inú rẹ̀ máa ń dì mọ́ ìdí kẹ́tù gbagidi. Irú kẹ́tù bẹ́ẹ̀ ni mo fi ṣe fìlà dúdú kan. Bó ṣe ń hó ló ń tutọ́, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan sì gbẹ tòun ti òrùka funfun. Nígbà tí mo fi máa parí, fìlà mi ti di ẹyẹ ẹtù. Mo gbá a ní búrọ́ọ̀ṣì, kò lọ. Omi tí wọ́n ti yọ ẹfun inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò, ni mo sè nínú kòkò kékeré, mo fi ooru rẹ̀ sí gbogbo ara fìlà lẹ́ẹ̀kan náà kó tó dọ́gba.

Nǹkan kejì, kẹ́tù iná máa ń pa ara rẹ̀ bó bá ti hó. Má fi tépù de bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí èmi ṣe ṣe. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí.

Akọ́bíBàbá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mo wà, láti àwọn adágún odò Lake District ni omi wa ti ń wá, kò ní ẹfun. Ọdún kẹrin kẹ́tù wa rèé, ìdí rẹ̀ ṣì ń dán. Àmọ́ màá lo kòkò.

ÒkìrìkàLèmiŃTà (Èkó)

Ẹ kú ìjíròrò o. Fìlà felt máa ń wà nínú béèlì tá à ń tú, pẹlẹbẹ bí àkàrà tí mọ́tò tẹ̀ ni wọ́n máa ń bá wa. Tiyín ṣì kéré.

Kẹ́ ẹ tó fi ooru sí i, ẹ mọ irun tó jẹ́. Ẹ fi ìka méjì ra á. Ti ehoro máa ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í nípọn, síbẹ̀ ó lágbára. Ti àgùntàn nípọn, ó sì máa ń há ọwọ́ díẹ̀. Bó bá tutù, àgbò Iléyá tí òjò pa ló máa ń rùn bí i. Ti ehoro gba ooru, ẹ lè tún un tò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ti àgùntàn kì í pẹ́ sún kì. Mo ba ọ̀kan jẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nọ́ńbà 59 ni. Mo dé e lé ìkòkò omi híhó bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín, mo bá lọ dá oníbàárà lóhùn. Kí n tó padà dé, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìkan ló lè dé e. Wọ́n ní ẹni tó lórí ò ní fìlà. Tèmi lọ́jọ́ náà, fìlà wà, orí tó máa gbà á ni mi ò rí.

Àwa ò ní abọ́ tó bá gbogbo orí mu ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìròyìn la máa ń rún mọ́ inú rẹ̀ gbìngbìn. Bó bá jẹ́ fìlà funfun, ẹ fi aṣọ sáàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tàdáwà ìwé ìròyìn á yí i lára. Ẹ má sì lo sítóòfù oníkẹrosíìnì fún fìlà tó mọ́ lára, èéfín dúdú rẹ̀ á bá ooru omi gòkè.

Akọ́bíBàbá, Ọjọ́rú, aago méje àárọ̀

Ti ehoro ni. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sára awọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́.

Orí rẹ̀ ti yí roboto! Mi ò kọ́kọ́ gbà pé á ṣeé ṣe. Ìṣòro tuntun ni pé mi ò mọ iwájú mọ́ ẹ̀yìn mọ́.

ÌyáAlábẹ́rẹ́

Wo awọ inú rẹ̀ dáadáa. Ibi tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, tí wọ́n so okùn tín-ín-rín kan sí bíi labalábá, ẹ̀yìn nìyẹn. Tún wo ọ̀já tó yí ìdí orí fìlà ká ní òde: ibi tí wọ́n ti dì í, apá òsì ló máa ń wà fún fìlà ọkùnrin. Bí àmì méjèèjì bá ti bára mu, ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́nPhilly (Philadelphia)

Àbúrò, ó kan mí wàyí. Èmi ni aláìsàn fìlà láàárín yín níbí, mo ní mẹ́rìnlá, ìyàwó mi sì rò pé mẹ́jọ ni.

Kó o tó dá kòtò sí i, wá fọ́tò bàbá tó ti pẹ́, èyí tí wọ́n ti dé fìlà yẹn. Èmi ò ní kí o dá kòtò tó dára jù. Kòtò bàbá rẹ ni kó o dá padà. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ fìlà máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú orí roboto, ẹni tó tà á tàbí ẹni tó rà á ló ń fọwọ́ dá kòtò sí i. Ìlú tí mo wà yìí ni John B. Stetson ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fìlà tirẹ̀ lọ́dún 1865. Giuseppe Borsalino ti ṣáájú rẹ̀ ní Alessandria, ní Ítálì, lọ́dún 1857. Ẹni méjì lè ra fìlà kan náà lọ́jọ́ kan náà, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì o ò ní mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Kòtò tó wọ́pọ̀ lára fedora jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ojú kan gbọọrọ láàárín orí, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èkejì rí bí ẹ̀kán omijé téèyàn bá wò ó láti òkè: ó yí roboto lẹ́yìn, ó sì tín-ín-rín bọ̀ níwájú. Ẹ̀kẹta ní igun mẹ́rin bíi dáyámọ́ńdì, ìyẹn le díẹ̀, má dán an wò fún Sọ́ńdè.

Ti gbọọrọ ni kó o kọ́kọ́ dá, ohunkóhun tó o bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà. Fi ooru sí orí nìkan. Na ọwọ́ rẹ tán bí ẹni fẹ́ gé búrẹ́dì, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi ìka tó kéré jù, tẹ àárín orí fìlà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Íńṣì kan ti tó, íńṣì kan àbọ̀ ni òpin. Di í mú kó tutù. Lẹ́yìn náà fi ooru sí iwájú nìkan. Fi àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nǹkan bí íńṣì méjì sí ibi tó yọrí jù níwájú, kó o fún wọn pọ̀ wọ́ọ́rọ́. Bó o bá fẹ́ ti omijé, padà sẹ́yìn, kó o fi ìka ti ẹ̀yìn kòtò náà gbòòrò láti inú rẹ̀.

Dúró níwájú dígí, má wo ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ ọ̀tún máa ń lágbára ju ti òsì lọ, ìdí nìyẹn tí fífún ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, kì í ṣe pé ó wúlò: eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1882 ló bí orúkọ fedora. Orúkọ ọmọba obìnrin inú eré náà ni, Sarah Bernhardt ló ṣe é. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

ÌyáAlábẹ́rẹ́

Ẹ wá gbọ́! Tí mo bá dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, wọ́n á ní mo wọ aṣọ ọkùnrin.

KòKanAyé

Ẹ ṣe é bíi ti Jonathan. Nígbà tó wà nípò ààrẹ, mi ò rí i kí kòtò fìlà rẹ̀ yẹ̀ rí.

ỌmọÒṣogbo

Ohun tí mo máa ń ṣe sí fìlà mi ni kí n po sítáàṣì sómi, kí n fọ́n ọn sí inú rẹ̀. Á le gan-an, ẹni tó bá tún jókòó lé e, ìdí rẹ̀ ló máa dùn ún.

ÌyáAlábẹ́rẹ́

Ọmọ Òṣogbo, fìlà òwú lò ń wí. Sítáàṣì dára fún òwú, ó dára fún àdìrẹ. Lára felt, á gbẹ, á sán wẹ́wẹ́, á sì fi funfun hàn lára àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn oṣù kan aáyán á wá bá ọ jẹ ẹ́. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ felt fi ń mú un le ni shellac, oje tí kòkòrò kan ń tú jáde sára igi ní Íńdíà, wọ́n á yọ́ ọ sínú spirit. Ó ti wà nínú ti bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ooru yìí náà ló ń rọ̀ ọ́, òtútù ló ń mú un le padà. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.

ỌmọAgùdà (Èkó)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ onílé. Fìlà bàbá àgbà mi wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní láti nǹkan bí 1930 ni. Ó ti gbẹ, ó sì ti rún. Ṣé mo lè ṣe irú èyí?

Ẹ̀gbọ́nPhilly

Rọra, ti tìrẹ yàtọ̀. Láyé ìgbà yẹn, èròjà tó ní mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń wẹ irun ehoro kó lè tètè lẹ̀ pọ̀. Ó ba àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn á máa dàrú. Ní Danbury, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, tó jẹ́ ìlú oníṣẹ́ fìlà, ìgbọ̀n yẹn wọ́pọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè é. Ìparí 1941 ni Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n jáwọ́. Mẹ́kúrì ọ̀hún lè ṣì wà nínú felt ayé ìgbà náà, ooru sì lè gbé e jáde. Èmi ò ní fi ooru sí fìlà 1930 nínú ilé. Fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a níta, kó o gbé e síbi tí ọmọdé ò ti ní fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ dandan kó padà sípò, oníṣẹ́ fìlà gidi ni kó o wá.

Akọ́bíBàbá, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́

Ẹ gbọ́ mi o. Mo ti bà á jẹ́.

Mo kọ́kọ́ rí nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo gbé orí fìlà náà sábẹ́ iná, kòtò àtijọ́ ò pa rẹ́ tán. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́, irun ojú rẹ̀ ti fá ju ìyókù lọ, bí ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sínú koríko. Ojú méjì tí wọ́n ń fún níwájú náà hàn, ó dán díẹ̀, ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ọwọ́ wọn láti 1979! Mi ò tiẹ̀ nílò fọ́tò mọ́.

Mo tẹ̀ lé ìlà náà, mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú, mo kà dé ọgọ́rùn-ún. Ó dúró. Mo wá dé e wò lórí ara mi (orí wa dọ́gba), ó sì dúró sókè bí ìdérí ìkòkò tí kò bá ẹnu mu. Kò wọlé. Iwájú rẹ̀ náà wọ́ sí ọ̀tún. Ṣé mo ti fi ooru pa á ni? Ṣé ó ti sún kì?

Ẹ̀gbọ́nPhilly

Ṣé o dá awọ inú rẹ̀ padà sínú kó o tó dé e? Bó o bá ti dá a padà, kòtò rẹ ló jìn jù. Ìdí rẹ̀ ti kan ọ ní àtàrí, ó wá gbé fìlà sókè. Ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò.

Akọ́bíBàbá

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n! Ó ju íńṣì méjì lọ. Ayọ̀ ló pa mí, mo ń tẹ̀, mo ń tẹ̀.

ÌyáAlábẹ́rẹ́

Ìyẹn ò tó ẹ̀ṣẹ̀. Fi ooru sí ojú kòtò náà, láti inú ni kó dára jù. Fi ẹ̀yìn ìka gbé e sókè títí á fi ku íńṣì kan, kó o dì í mú. Má tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Iwájú tó wọ́ ńkọ́? Ìhà kan nìkan ni kó o fi ooru sí, ìhà tó wọ́. Fi ọwọ́ bo ìkejì. Tó o bá fi ooru sí méjèèjì, èyí tó dára á tún dẹ̀, wàá sì máa lé wọn kiri títí di àárọ̀.

Kó o sì dé e wò lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan tó o bá ṣe. Orí ló ń sọ òótọ́, tábìlì kì í sọ ọ́.

Etí rẹ̀ ló kù. Lọ́la, gbé áyọ́ọ̀nù jáde. Má jẹ́ kó gbóná ju bí a ṣe ń lọ aṣọ òwú àgùntàn lọ. Ká táwẹ́ẹ̀lì sí etí tábìlì, tẹ́ etí fìlà lé e, kí orí rẹ̀ máa rọ̀ sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Rẹ aṣọ funfun kan sómi, fún un gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ lé etí fìlà náà. Gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kó o gbé e kúrò. Gbé e lé e, gbé e kúrò. Má fà á o! Bó o bá fà á bí ẹni lọ ṣòkòtò, etí náà á nà, ríru rẹ̀ á sì di méjì. Má jẹ́ kí irin kan felt lójú ara rẹ̀ láé, á dán bí ìdí ṣòkòtò dírébà.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Bí tèmi ṣe dán náà nìyẹn. Mo fi sandpaper tó kúnná jù lọ rọra há ojú ibẹ̀, irun kékeré tún dìde. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gba sùúrù tí mi ò ní.

ÒkìrìkàLèmiŃTà

Bí ẹ bá ti tẹ́ ẹ tán, ẹ tẹ́ etí náà pẹrẹsẹ, ẹ to ìwé lé e yípo kó sùn bẹ́ẹ̀. Bíbélì onílẹ́tà ńlá la máa ń lò. Lẹ́yìn náà lẹ máa rọ iwájú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, ìka méjì méjì, lọ́wọ́ tútù. Bó bá kọ̀, ooru díẹ̀.

KòKanAyé

Ó dáa, mo ti gbà. Mo lọ wo wọ́dúróòbù mi lánàá, mo ní ọ̀kan tí iwájú rẹ̀ ti là bí ètè ọlọ́yẹ́. Mi ò jókòó lé e rí. Kí ló fà á?

Ẹ̀gbọ́nPhilly

Ibẹ̀ lò ń dì mú tó o bá ń dé e àti tó o bá ń bọ́ ọ, àbí? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é nítorí pé fíìmù ló kọ́ wa. Bí o bá ń fún felt síbì kan náà lójoojúmọ́, á fọ́ níbẹ̀. Etí rẹ̀ ni kó o máa dì mú, níwájú àti lẹ́yìn. Bó o bá gbé e kalẹ̀, dojú rẹ̀ sókè, kí orí rẹ̀ jókòó sórí tábìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ á tẹ́. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn. Tí òjò bá pa á, gbọ̀n ọ́n, fa awọ rẹ̀ síta, jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, má gbé e sún mọ́ iná. Èyí tó ti là yẹn ò ní san, àmọ́ o lè yí kòtò rẹ̀ sí ibòmíràn.

Akọ́bíBàbá, Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní alẹ́ àná ni mo gbé e fún wọn. Etí rẹ̀ tẹ́, orí rẹ̀ wọlé, kòtò dúró lórí ìlà tó wà níbẹ̀. Ríru kékeré kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn, lápá ọ̀tún, ẹni tí ò bá wá a ò ní rí i. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá gbà á. Wọ́n yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo awọ inú rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ríru yẹn tààrà, bí ẹni tó mọ̀ pé á wà níbẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àtàǹpàkò wọn wá lọ sí iwájú, wọ́n fún un díẹ̀ sí òsì, kò ju ìdajì ìbú ìka lọ, láìsí ooru, láìsí dígí. Wọ́n dé e. Mo wò ó, mo wo fọ́tò tí wọ́n yà ní 1980 lára ògiri, ọ̀kan náà ni.

Lónìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bọ́ ọ nígbà tí a fẹ́ jókòó. Àga kan ṣófo láàárín àwọn àti ọmọ mi. Wọ́n wo àga náà, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n bá gbé fìlà lé orúnkún, ọwọ́ kan lórí rẹ̀, títí ìsìn fi parí.